Ẹgbẹ̀rún ìwé, gbọ̀ngàn ńlá: ta ló máa kà á?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Òun àti ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbé ìwé jáde nínú yàrá méjì. Ìwé tuntun tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ìtàn àròsọ lédè Yorùbá, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́. Ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Ohun tó béèrè nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Bàbá tó kọ ìwé yìí fẹ́ ká gba gbọ̀ngàn ńlá, ká fi kábíyèsí kan ṣe bàbá ìsàlẹ̀, ká sì wá olówó tó máa kó ìwé jáde. Mi ò lówó irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tá ò bá ṣe é, báwo làwọn èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ìwé ti jáde? Irú ìròyìn wo ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ kékeré bíi tiwa máa gbé síta, irú ìjókòó wo ló sì ń ta ìwé lóòótọ́?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú owó tó há sínú páálí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ lésì tààrà kí n tó máa rojọ́. Má fi owó ilé-iṣẹ́ rẹ gba gbọ̀ngàn ńlá. Bí Bàbá bá fẹ́ ìkójáde ńlá, kí wọ́n ṣe é bí ayẹyẹ tiwọn, kí ẹbí àtàwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé gbé e, kí ìwọ lọ pàtẹ ìwé síbẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni ìjókòó ìwé kíkà kéékèèké, mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́ta, níbi tí ẹni tó ra ìwé ti máa gbé e lọlé torí pé ó fẹ́ mọ ibi tí ìtàn náà já sí.

Ìwọ náà ti dé ibi ìkójáde rí. Alága wà lórí tábìlì gíga, bàbá ìsàlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá ọjọ́ náà ò gbẹ́yìn, olówó tó máa kó ìwé jáde jókòó sáàárín bí ọkọ ìyàwó. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú káàdì ìpè, aago méjìlá á kọjá kí wọ́n tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣàgbéyẹ̀wò ìwé ò tíì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún tí MC ti ń fọwọ́ kàn án léjìká pé àkókò ti lọ. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kì í ka ìlà kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkójáde gan-an: ẹni àkọ́kọ́ á gba ẹ̀dà kan ní owó gọbọi, ẹnì kejì á gba mẹ́wàá lórúkọ ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ tó wà lókè òkun, wọ́n á ya fọ́tò, ráìsì á dé.

Mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Bá a ṣe ń dá owó ìsìnkú àti owó ìṣílé náà la ṣe ń dá owó ìwé, ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìlú àti ìwé ewì tí ilé-iṣẹ́ kankan ò ní náwó lé lórí ló jẹ́ pé owó ìkójáde ló san gbèsè atẹ̀wé Ṣómólú. Àmọ́ òǹkọ̀wé ni wọ́n wá bá ṣe níbẹ̀, wọn ò wá bá ìwé ṣe. Ẹni tó gba ẹ̀dà kan ní owó gọbọi ò ra ìwé, Bàbá ló yẹ́ sí. Dúró títí wọ́n á fi máa palẹ̀ mọ́, kó o wo abẹ́ àwọn àga: ìwé tí wọ́n fi fẹ́ ara wọn nígbà tí iná lọ, ìwé tí wọ́n gbé àwo ráìsì lé, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò rántí gbé lọ.

Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mo kọ́ tèmi. A kó ìwé kan jáde nínú gbọ̀ngàn, àlejò tó igba. Ọ̀gá kan dìde, ó kéde owó tó lè tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìlérí ni o, kò mú kọ́bọ̀ jáde lápò. Èmi ọmọdé iṣẹ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìṣírò mi bí owó tó ti wọlé, mo sì ní kí atẹ̀wé bá mi tẹ ẹ̀dà 500 kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ọgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń hó. Ikán ló jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀dà 500 yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Nínú igba èèyàn tó wá, mi ò ní nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé mìíràn jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tí kò dé ìlú rí ni mo tún ṣe bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní ₦5,000 lo fẹ́ máa ta ẹ̀dà kan. Ilé ìtàwé á yọ ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká mú un ní 35, ₦3,250 ló kù sọ́wọ́ rẹ. Kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀: wọ́n á gba ìwé sílẹ̀, bó bá tà, wọ́n á san án lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí kò bá tà, o máa lọ kó o padà pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ṣá. Bí èèyàn 40 bá wá jókòó gbọ́ ìwé kíkà tí 25 sì rà á, ₦125,000 lo gbé lọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Yọ ìpín òǹkọ̀wé kúrò, ká ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún, yọ owó ìpanu àti owó ọkọ̀, nǹkan ṣì kù. Mi ò ní kó o má gbé ìwé lọ sí ilé ìtàwé o. Àmọ́ ẹni tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbọ́ orúkọ ìwé náà níbòmíì kó tó lè nawọ́ mú un.

Níbo ló ti máa gbọ́ ọ? Ìròyìn tó o béèrè nìyẹn, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí sì ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá. Ní 1929, Isaac Babalọlá Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Obìnrin náà ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo ará Èkó mọ̀. Bí lẹ́tà kan bá ti tán, òǹkàwé á máa retí òmíràn, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa obìnrin náà bí ẹni tó wà láàyè lóòótọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Nígbà tó kó gbogbo lẹ́tà náà pọ̀ di ìwé ní 1930, ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè wa, kò sí pé ó ń wá ẹni tó máa kéde rẹ̀. Òǹkàwé ti wà nílẹ̀ kí ìwé tó dé.

Nítorí náà, ìròyìn tó dára jù tí ilé-iṣẹ́ kékeré lè gbé síta ni ègé ìwé náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe "inú ilé-iṣẹ́ wa dùn jọjọ láti kéde fún gbogbo ayé". Ta ni gbogbo ayé? Ta ló bi ọ́ bóyá inú rẹ dùn? Jókòó, wá ibi mẹ́fà nínú ìwé Bàbá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 300 lọ, kí ó sì já níbi tó dùn. Máa fi ọ̀kan ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí èèyàn ti jẹun tí wọ́n ń tẹ fóònù kiri. Lẹ́yìn ègé mẹ́ta, fi ìkéde kan sí i, kí ìkéde náà rí báyìí:

"Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bàbá á ka ibi tí ìyàwó kékeré ti ṣí àpótí ìyálé. Nínú ilé ìkówèésí ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà ni. A ò gbowó ìwọlé. Ìwé wà níbẹ̀, ₦5,000."

Ó tán. Ẹni tó kà á mọ ọjọ́, ó mọ ibi, ó mọ iye, ó sì ti ń ronú nípa àpótí.

Bá mi wo àmì ohùn dáadáa lórí gbogbo ohun tó o bá gbé jáde. Kọ "oko mi da" sórí ìwé ìléwọ́ láìsí àmì, kó o wá bi èèyàn mẹ́ta. Ọ̀kan á ní ọkọ rẹ̀ ló ń wá, èkejì á ní ọkọ̀ rẹ̀ ló sọnù, ẹ̀kẹta á ní àgbẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé Yorùbá jáde tí kò lè fi àmì sórí ìkéde ara rẹ̀, kí ni ká wá rò nípa inú ìwé rẹ̀?

Lórí WhatsApp, má dá group sílẹ̀. Mo ti rí òpin rẹ̀: lọ́jọ́ kejì ẹnì kan á fi àdúrà òwúrọ̀ síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹta wọ́n á máa ta ilẹ̀ Mọ́níyà, nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì olóṣèlú méjì ti ń bú ara wọn nínú group rẹ. Broadcast ni kó o lò, èyí tí ọ̀rọ̀ kan náà fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èèyàn 256 ni ọ̀kan ń gbà, o sì lè ní ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà tìrẹ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n gba nọ́ńbà igba èèyàn, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò dé ibì kankan. Nídìí tábìlì ìwé ni kó o ti sọ fún ẹni tó ń rà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yìí pamọ́ nísinsìnyí, kí ìtàn tó kàn lè dé ọ̀dọ̀ yín." Dúró kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ. Ìtìjú ò sí nínú ẹ̀.

Rédíò wá ńkọ́? Fún ìwé Yorùbá, mo ka rédíò sí ju gbogbo ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Amúlùdùn 99.1 wà n'Íbàdàn, Rédíò Èkó 107.5 wà l'Ékòó, àwọn tó ń gbọ́ wọn ni ìyá tó ń lọ ata, awakọ̀, télọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi Bàbá. Mọ̀ pé ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ń fi owó ara rẹ̀ ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, nítorí náà bí wọ́n bá béèrè owó, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, owó tí àwọn náà san ni wọ́n ń wá. Ohun tí mo máa ń gbé lọ bá wọn ni ìwé mẹ́rin: ọ̀kan fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, mẹ́ta fún olùgbọ́ tó bá pè wọlé tó sì gba ìbéèrè. Mo tún máa ń tẹ ojú ewé kan gàdàgbà, pẹ̀lú àmì ohùn kíkún, èyí tó máa gba ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ràn ohun tó dùn lẹ́nu. Bó bá kà á tó sì gbádùn ẹ̀, á tún un kà lọ́sẹ̀ kejì láìgba kọ́bọ̀.

Aláròyé àti BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ń wá ìròyìn, àmọ́ "ìwé ti jáde" kì í ṣe ìròyìn lójú wọn, ìwé ń jáde lójoojúmọ́. Ohun tó jẹ́ ìròyìn ni tíṣà tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àròkọ, tó wá fẹ̀yìn tì tán kó tó kọ ìwé àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ìtàn ènìyàn ni kó o fi ránṣẹ́, kí ìwé wà nínú rẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀.

Ó kan ìjókòó fúnra rẹ̀. Bí mo bá sọ pé kó o ṣe é ní kékeré, àwọn kan máa rò pé ọ̀rọ̀ àìlówó ni. Rántí Ìbàdàn tiwa. Ní 1961, ní àdúgbò ọjà Gbági àtijọ́, Ulli Beier, olùkọ́ ọmọ Jámánì kan, pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J.P. Clark àtàwọn ẹgbẹ́ wọn gba ilé kan tí ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di Mbari. Lábẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán, tí wọ́n ń ka ewì, tí wọ́n sì ń gbé ìwé jáde, ìwé tín-ínrín tín-ínrín. Ibẹ̀ ni Heavensgate, ìwé ewì Okigbo, ti jáde ní 1962, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé A Walk in the Night jáde lọ́dún kan náà fún Alex La Guma, ẹni tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ń fojú rẹ̀ rí màbo nílé. Ẹni tó wá wo eré á rí ìwé, ẹni tó wá ra ìwé á pàdé ẹni tó kọ ọ́ tó ń mu bíà.

Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé irú rẹ̀ sí Òṣogbo ní 1962, àwọn ará ọjà gbọ́ "Mbari", wọn ò mọ̀ pé èdè Ìgbò ni, wọ́n ní "mbá rí i, mbá yọ̀". Orúkọ náà mọ́ ọn lórí, ó di Mbari Mbayọ̀ títí dòní. Ìtàn yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi, wàá sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣe tìwa. Òwàm̀bẹ̀ ló ni ín, má bá wọn dù ú. Ọjọ́ Àìkú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dára, ìjọ ti tú, oúnjẹ ọ̀sán ti wọlé, oorun ọ̀sán ti dá. Àwọn Mùsùlùmí tó bá wá á ti kírun Àsárì tàbí kí o yàyè sílẹ̀ fún wọn. Yàrá ìkàwé ilé-ìwé, ilé ìkówèésí, ẹ̀yìn ilé ìtàwé, gbogbo rẹ̀ ló dára bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò bá bo ohùn mọ́lẹ̀. Bó o bá ń retí èèyàn 40, àga 30 ni kó o tò, kí mẹ́wàá tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí wọ́n máa gbé àga wọlé dára ju kí àga máa ya ẹnu sí òǹkọ̀wé lọ.

Má jẹ́ kí Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Mo mọ̀ wọ́n láìrí wọn: ojú ewé àkọ́kọ́ máa sọ bí ìlú náà ṣe tẹ̀dó àti bí òkè ṣe yí i ká. Ó dára nínú ìwé, nínú yàrá ó ń mú èèyàn yán. Ibi mẹ́ta ni kí wọ́n kà, kí ìkankan má ju ìṣẹ́jú méje lọ: ibi tí ènìyàn méjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, ibi tí wàhálà ti ṣẹ́yọ, àti ibi kan tí o máa ní kí wọ́n dá a dúró kó tó yanjú. Tẹ ojú ewé wọ̀nyẹn sórí pépà ní lẹ́tà ńlá, kí awò ojú má bàa di ìjà, kí o sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí wọ́n á ti mí. Kí wọ́n kà á fún ọ nílé lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Àgbà tíṣà á kọ́kọ́ bínú. Á rọlẹ̀.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ka ìwé tirẹ̀ fún wa. Èèyàn 31 ló wá, mo kà wọ́n. Ó dé ibi tí ìyá ọkọ ti wọ ilé ìdáná lóru, tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹran inú rẹ̀ kí ìyàwó má bàa fi fún ìyá tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ò gbóhùn sókè, ńṣe ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: "Ọ̀kan... èjì... ẹ̀ta..." Ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tó dé "ẹ̀fà", obìnrin kan lẹ́yìn pariwo pé, "Há! Ìyá yìí ò daa!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíì ní, "Èmi mọ irú ẹ̀, ìyá ọkọ mi ni!" Nọ́ọ̀sì fẹ́ tẹ̀ síwájú. Mo wúkọ́ bí a ṣe jọ sọ ọ́, ó pa ìwé dé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ẹnì kan béèrè pé ṣé ìyàwó ká a mọ́bẹ̀ ni. Ó ní, "Ojú ewé 58." Ẹ̀dà 19 ló tà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nǹkan tó mú mi rántí Òṣogbo nìyí: kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé náà bó ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rà á. "Ẹ fún mi ní ìwé ìyá tó ń ka ẹran" ni wọ́n ń sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìkéde wa tó tẹ̀ lé e kò tún sọ àkọlé ní ìlà àkọ́kọ́ mọ́, ìyá tó ń ka ẹran ló ṣíwájú, àkọlé tẹ̀ lé e. Ní ìjókòó Bàbá, fetí sí ohun tí àwọn èèyàn á máa pe ìwé yẹn. Wọ́n á bá ọ ṣe iṣẹ́ tí owó ìpolówó ò lè ṣe.

Bí orin bá wà nínú ìtàn náà, kí Bàbá dá a, kí ilé gbè é. Ẹni tó bá ti dáhùn "Àlọ̀!" rí ní kékeré mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìjókòó ìwé kíkà lédè wa kì í dákẹ́ bí ìdánwò. Ṣùgbọ́n má háyà onílù. Onílù á rí ẹni tó wọ agbádá, ìwé á parí níbẹ̀.

Ní ti ìbéèrè, ẹnì kan á dìde tí kò ní béèrè nǹkan kan, á sọ ìtàn ara rẹ̀ láti 1974. Kí ẹni tó ń darí ètò di máíkì mú fúnra rẹ̀, kó máa nà án sí wọn lẹ́nu, kó má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Tábìlì ìwé gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde. Kí ọmọṣẹ́ rẹ jókòó tì í pẹ̀lú POS, nọ́ńbà àkáǹtì tí a kọ gàdàgbà, àti ṣéńjì. Fún ẹni tó bá rà á ní pépà pélébé kó kọ orúkọ rẹ̀ kó tó dé iwájú Bàbá fún ìfọwọ́sí, kí Bàbá má bàa kọ Táíwò fún Kẹ́hìndé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ìwé àjákọ kan wà, kí tìrẹ má bàa dà bíi tèmi tí mi ò ní nọ́ńbà ẹnì kankan: orúkọ, nọ́ńbà WhatsApp, àdúgbò, àti òpó kẹrin tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, "Ta ló sọ fún yín?" Lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta, òpó yẹn á sọ fún ọ bóyá rédíò ni, bóyá WhatsApp ni, tàbí ìyàwó pásítọ̀ kan tí o ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá ń hàn jù níbẹ̀ ni kó o gbé owó ọdún tó ń bọ̀ lé lórí. Fọ́tò tó o máa gbé síta lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Ojú àwọn tó ń gbọ́ ni, kì í ṣe tábìlì gíga.

Àwọn àjọ̀dún ìwé ńlá wà, n ò sì ní pẹ́ lórí wọn. Aké tí Lọlá Ṣónẹ́yìn dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 2013 ti kó lọ sí Èkó láti 2018. LABAF, àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà ti ẹgbẹ́ CORA, máa ń wáyé l'Ékòó nínú oṣù kọkànlá. Ọjà ìwé àgbáyé ti Nàìjíríà máa ń bọ́ sí oṣù karùn-ún. Wọ́n ń ṣètò ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, nítorí náà fi ìwé ránṣẹ́ kí ọdún tó ìdajì, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Ọjọ́ tó rọrùn fún ọ jù ni 21 oṣù kejì, ọjọ́ èdè abínibí tí UNESCO yà sọ́tọ̀. Ilé-ìwé àti rédíò a máa wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́jọ́ yẹn, èèyàn ò sì pọ̀ tó ń fi ìwé tuntun lọ bá wọn.

Mo gbà pé o ti gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lọ́wọ́ National Library, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Bí o kò bá tíì kó ẹ̀dà mẹ́ta tí òfin ní kí onítẹ̀wé fi sọ́dọ̀ wọn lọ, kó o lọ, oṣù kan péré ni wọ́n fún ọ láti ọjọ́ tí ìwé jáde.

Fún àwọn tiwa lókè òkun, ìjókòó kan lórí Zoom tó. Aago méje alẹ́ n'Íbàdàn jẹ́ aago kan ọ̀sán ní Houston nígbà ooru wọn, aago méjìlá nígbà òtútù; ní London, aago kan náà ni tàbí kó fi wákàtí kan dín. Àmọ́ má pè wọ́n kó o tó mọ bí ìwé ṣe máa dé ọwọ́ wọn. Fífi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ láti ibí lè wọ́n ju ìwé lọ. Ẹ̀dà orí ẹ̀rọ, tàbí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà tí ẹnì kan bá béèrè, ló máa gbà ọ́. African Books Collective tó wà ní Oxford, tí àwọn onítẹ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn dá sílẹ̀ ní 1985, ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ilé-iṣẹ́ bíi tìrẹ. Kọ̀wé sí wọn.

Ó ku Bàbá. Má lọ sọ fún wọn pé gbọ̀ngàn ò dára, ọ̀rọ̀ yẹn á dún bí ẹni pé ìwé wọn ò tó gbọ̀ngàn ṣe. Lọ kí wọn lálẹ́, kúnlẹ̀ dáadáa, sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ìwé náà lẹ́nu wọn kí ọlọ́lá tó gbọ́ ọ. Mú aládùúgbò méjì àti ọmọ ilé-ìwé wọn kan dání, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú méje fún yín nínú pálọ̀ wọn. Bí àgbàlagbà tíṣà bá ti rí i tí èèyàn mẹ́ta na ọrùn sí i torí pé ó dákẹ́, wọ́n á bi ọ́ fúnra wọn pé ìgbà wo ni òmíràn. Ìkójáde ńlá lè wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn inú ìwé àjákọ rẹ bá lè wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti ka ìwé. Kí ìlérí tí wọ́n bá kéde níbẹ̀ máà wọ ìwé ìṣírò rẹ títí tí fóònù rẹ á fi dún.

Nígbà tí ọjọ́ ìjókòó àkọ́kọ́ bá dájú, fi ránṣẹ́ sí mi. N ó wá, n ó sì san ₦5,000 tèmi.